Orin Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Kó Parí

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Sóòlù kò mọ orin. Ṣòkòtò ni wọ́n mọ̀. Ẹnu ṣòkòtò wọn fẹ̀ débi pé ó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jó lọ́sàn-án Sátidé, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń gbá a.

Ìyá télọ̀ tó ń rán ṣòkòtò náà ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀. Dákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tó gbé aṣọ lọ fún wọn ló kọ́kọ́ gbọ́ orin sóòlù, orin ìfẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà: obìnrin kan nínú àwo orin, ohùn rẹ̀ ń ya bí aṣọ tó ti gbó, ó ń bẹ ọkùnrin kan pé kó má lọ. Dákẹ́ dúró gbagidi. Ṣé ọkùnrin náà máa lọ ni? Àfi bí ìlù ṣe rọlẹ̀ tí Bọ̀ọ̀dá Dígí, olórí wọn, gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo.

"Ibẹ̀ yẹn ò ṣeé jó," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo Sátidé.

Nígbà tí Dákẹ́ rojọ́ nílé, ìyá télọ̀ yínmú. "O gbé iyọ̀ fún ewúrẹ́, o ní kó sọ bí ọbẹ̀ ṣe rí. Ṣòkòtò ta ló wà lórí itan rẹ yẹn?"

Ti Dígí ni. Àwọn oníjó àdúgbò kejì ń bọ̀ wá bá wọn díje lọ́jọ́ náà, Dígí sì ti múra dé ilé ìyá télọ̀ láti wá gbà á.

"Dákẹ́, ṣòkòtò mi dà?"

"Ó ku ẹnu rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn kọrin rẹ̀ tán, màá ká a."

"Màmá, ẹ ò gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń sọ?"

"Mo gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gùn tó yẹn wà nínú rẹ̀."

Ni wọ́n bá jọ lọ sí gbọ̀ngàn, Dákẹ́ gbé ṣòkòtò dání, wọ́n sì fi orin náà sí i. Ìlù dákẹ́. Ó ku obìnrin náà nìkan, kò sì bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ, kó pa ilẹ̀kùn dé dáadáa. Àwọn oníjó tò kalẹ̀ bí aṣọ orí okùn, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò fẹsẹ̀ sí. Dígí ń ya irun nínú gíláàsì fèrèsé.

"Ó ti tán?" ló bi Dákẹ́.

"Ó ti tán."

Dákẹ́ feyín já òwú, ó na ṣòkòtò sí i. Kò dúró wo ijó. Ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé dáadáa.