Ètò Tí Bàbá Ìpìlẹ̀ Kì í Lò

Ọ̀sẹ̀ kejì tí Aṣẹ̀ṣẹ̀dé wọṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ètò ìdarí nìkan ni ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun, tó sì ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́ rárá ló ti fẹ́ràn ètò náà bí ẹyinjú. Ó ti fi í sórí kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ránṣọ, ó sì ti torí ẹ̀ bá ọ̀rẹ́ méjì jà.

Àfi bó ṣe gbé ìwé lọ fún Bàbá Ìpìlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá yìí ló kọ ìlà àkọ́kọ́ ètò náà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ètò àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà ló wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kí bàbá, ó jáde, bí ẹni tó ká alásè mọ́ ibi tó ti ń ra oúnjẹ jẹ.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo tábìlì àwọn yòókù. Nínú àwọn mọ́kànlá, mẹ́rin péré ló ń lo tiwọn. Ọ̀kan ní ohun tóun ń kọ́ lọ́wọ́ máa ń wó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, pé ẹni tó ń kan òrùlé kì í dúró lórí pákó tí kò tíì kàn tán. Òmíràn ní èyí tọ́wọ́ òun mọ̀ láti ilé ìwé nìyẹn, kò sí àlàyé mìíràn. Ẹ̀gbọ́n Onídánwò, obìnrin tó ń wá àṣìṣe inú ètò, ní tiwọn lòun ń lò, pé bóun ò bá jìyà ẹ̀, ta ni yóò mọ ibi tó ti ń ta? Ọ̀rọ̀ kálukú mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n tó bá pa wọ́n pọ̀, orí rẹ̀ á dàrú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó lọ bá bàbá.

“Ẹ má bínú sà. Kí ló dé tí ẹ kì í lo tiwa?”

Bàbá nawọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó yọ wáyà tó kì sétí kúrò lára rẹ̀, ohùn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tí Aṣẹ̀ṣẹ̀dé fi ránṣẹ́ sí i láàárọ̀, kíákíá, láìfo ọ̀rọ̀ kan.

“Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún mẹ́ta,” ni bàbá wí. “Ohùn yìí ni mo fi ń ríran. Tiwa ò tíì mọ̀wé kà tó bẹ́ẹ̀.”

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wọn.

“Nígbà tí mò ń kọ ọ́, mi ò ronú kan ẹni tí ò ríran. Ojú ń tì mí.”

Bàbá ò ní kó má sọ, kò sì ní kó sọ. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé lọ bá Ẹ̀gbọ́n Onídánwò, ó ní káwọn méjèèjì dijú, káwọn lo ètò náà títí di ọ̀sán. Wọn ò lè ṣí ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sókè pátápátá nínú àkójọ àṣìṣe, ó wá bi í ibi tó ti rí irú èrò bẹ́ẹ̀.

“Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni, ẹ̀gbọ́n.”

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé padà sórí ìjókòó rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá àṣírí bàbá lòun bò, tàbí ńṣe lòun tú u.