Ohun Tí Òkú Náà Wí

Ẹnu ni Ẹnu-Ìṣó ń kó ìṣó sí. Bí àwọn tó ń ṣe àga onítìmùtìmù ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ òsì á fa aṣọ le mọ́ igi àga, ọwọ́ ọ̀tún á di òòlù mú, ahọ́n á sì máa ti ìṣó jáde láàárín ètè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Kó tó tu ìṣó sọ́wọ́ láti dáhùn, ẹni tó bi í léèrè á ti bá tiẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló fi di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, kódà lórí ìjókòó oúnjẹ.

Ìyàwó rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn. Òun ló ń gé aṣọ, òun ló ń rán an lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó ń bá aṣọ sọ̀rọ̀, ó ń bá abẹ́rẹ́ tó kán sọ̀rọ̀. Bó bá bi ọkọ rẹ̀ ní nǹkan, á dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Ṣé ká fi pupa sí i ni àbí àwọ̀ eérú? Pupa. O ṣeun, Ẹnu-Ìṣó. Mo mọ̀ pé ohun tó o máa sọ nìyẹn."

Àwo orin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Atukọ̀ òkun kan tó gbé yàrá òkè ló tà á fún wọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń lù ú, nígbà tó ń kó lọ. Wọ́n ya òkú kan tó ti di egungun sára páálí àwo náà. Ó ń ya irun, irun ọ̀hún ga síwájú bí ìgbì omi. Obìnrin kan jókòó sórí pósí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, itan rẹ̀ wà níta gbangba. Bí ìyàwó pásítọ̀ bá wá wo àga rẹ̀, Ẹnu-Ìṣó á yí páálí náà kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ á yí i padà.

"Jẹ́ kí wọ́n rí itan. Àwọn náà ní."

Èdè tí wọ́n fi kọ orin náà kì í ṣe èdè wọn. Gìtá ń han nínú rẹ̀ bí alùpùpù tí bíréèkì rẹ̀ ti já. Gìtá onígi kan tún wà níbẹ̀, tí atukọ̀ ní ó ga ju ẹni tó ń lù ú lọ, pé wọn kì í rọra ta okùn rẹ̀, àbàrá ni wọ́n ń gbá a. Ó ń dún gbàgbà-gbàgbà bí ìgbà tí èèyàn ń na fóòmù kí eruku lè kúrò lára rẹ̀. Ìlù ń sá lé e. Akọrin ń kọrin bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú ara rẹ̀. Kò sí ohun tí wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́: ikú, ìdí, sàréè, ọkọ, àlè. Orin kan dá lórí ọkùnrin tó gbàgbé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sára ìyàwó oníyàwó. Ìyàwó Ẹnu-Ìṣó fẹ́ràn àwo náà nítorí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù nínú rẹ̀. Ẹnu-Ìṣó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Orin tó gùn jù ni wọ́n ń lù jù. Atukọ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ọkùnrin kan kú, wọ́n sì sin ín láìní ṣòkòtò nídìí, nítorí ẹni tó gbẹ́ sàréè ti bọ́ ọ lára rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ lọ. Òtútù mú òkú. Ó dìde, ó ṣa egungun rẹ̀ jọ, ó gba ilé lọ láti mú ṣòkòtò mìíràn. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí ṣòkòtò rẹ̀ lórí àga. Kò rí ẹni tó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ń ké. Ó kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà bèèrè látinú ilé pé, ta nì yẹn?

Ibẹ̀ gan-an ni àwo ti bàjẹ́. Ẹnì kan tó ni ín ṣáájú atukọ̀ ti fi nǹkan ha á lára. Bí abẹ́rẹ́ bá débẹ̀, kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ nìkan ni wọ́n á gbọ́, bí èékánná lára páálí. Lẹ́yìn náà ni gbogbo àwọn onígìtá á bú sẹ́rìn-ín, orin á sì sáré parí. Ohun tí òkú náà wí, atukọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bó ṣe rà á nìyẹn.

Ni ìyàwó Ẹnu-Ìṣó bá gbà á ṣe. Lójoojúmọ́ tí orin bá ti kan ilẹ̀kùn, á fa èémí sínú, kò ní gbé ojú kúrò lára aṣọ, á sì bá òkú fèsì.

"Wolé-wolé ni. Wọ́n ní ibì kan ń jò níbí."

Àwọn tó wà nínú àwo á bú sẹ́rìn-ín, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń dúró dè.

"Sọ ṣòkòtò mi sí mi. Kí onítọ̀hún máa lo ìyókù."

Kì í sọ èsì kan lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tó ní, "Gbogbo ara mi ló ti gbà pé a ti kú, ó ku ẹ̀yà kan tó ń bá wa jiyàn," Ẹnu-Ìṣó gbé ìṣó méjì mì. Búrẹ́dì ni wọ́n fi tì í lọ. Fún ọ̀sẹ̀ kan ni ìyàwó rẹ̀ fi ń bi í láràárọ̀ bóyá ó ti bí.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lódìkejì òpópó ti mọ orin náà látòkè délẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ẹ̀rín inú àwo, á nàró láàárín táyà rẹ̀, á kígbe pé, "Màdáámù! Kí lòkú wí lónìí?" Obìnrin náà á ké e padà fún un láti ojú fèrèsé. Àwọn tó ń kọjá lọ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó Ẹnu-Ìṣó ṣubú. Aṣọ àga aláwọ̀ ewé kan ló ń rán. Ẹnu-Ìṣó gbọ́ tí ẹ̀rọ ń lọ, lẹ́yìn náà kò gbọ́ ọ mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀, ó mú ẹnu.

Dókítà ní kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹnu-Ìṣó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ fún èèyàn, ó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ṣíbí bọ́ èèyàn, kò pẹ́ tó fi mọ̀ bí wọ́n ṣe ń yí èèyàn lórí ibùsùn. Èyí tí dókítà ní kó ṣe yìí ni kò mọ̀. Ó jókòó tì í, ó ń wá ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Òjò ti dá."

Kò tún rí òmíràn títí di ọjọ́ kejì.

Ọmọ wọn obìnrin dé lọ́jọ́ Sátidé kan láti ìlú tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó yí ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rọra bò ó padà.

"Bàbá, ẹ̀yìn Màmá ti ń bó."

"Mo ń yí i."

"Mo mọ̀ pé ẹ ń yí wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Mo ti sọ fún onímọ́tò, láàárọ̀ ọ̀la ló ń bọ̀. Wọ́n á máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Èmi ńkọ́?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Yàrá méjì lòun àti ọkọ àti ìbejì rẹ̀ ń gbé, lókè téńté ilé alájà mẹ́rin. "Ẹ ó máa wá kí wa, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ìyá rẹ."

"Bàbá mi."

"Ó ń bẹ."

Ọmọ náà jókòó sétí ibùsùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ó dáa. Bí Màmá bá sọ ọ̀rọ̀ kan kí mọ́tò tó dé, ọ̀rọ̀ kan péré tó bá ohun tá à ń ṣe mu, mi ò ní mú wọn lọ. Èmi ni màá máa lọ máa bọ̀. Ṣé ẹ rò pé èmi náà ò fẹ́ gbọ́ ohùn wọn ni?"

Ẹnu-Ìṣó lọ fa ẹ̀rọ àwo jáde lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ. Láti ọjọ́ òjò yẹn ni kò ti lù ú. Rọ́bà tó ń yí àwo ti rà, ó já sí i lọ́wọ́.

Ó sọdá sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Ìyẹn wo rọ́bà tó já, ó mú túùbù kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, ó fi àlùmọ́gàjí gé òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ lù ú ni, Bàbá?"

"Ẹn."

"Ṣé Màdáámù ti ń…?"

"Rárá."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ó lè nípọn jù. Ẹ máa rọra fá a."

Ó nípọn jù lóòótọ́. Àwo ń wọ́ ẹsẹ̀. Alùpùpù inú rẹ̀ ń gun òkè tí kò lè gùn, akọrin ń ké bíi màlúù tí oorun ń kùn. Ẹnu-Ìṣó dá a dúró kí òkú tó jáde ní sàréè. Ó yọ rọ́bà, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Ọmọ rẹ̀ wò ó títí, àánú ṣe é, ó sì yọ fóònù rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ n wo orúkọ wọn." Ó gba páálí, ó rí itan, ó pòṣé. "Ohun tẹ́ ẹ fi tọ́ mi dàgbà rèé." Ó tẹ fóònù, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ó wà níbí. Ó mọ́ ju tiyín lọ fíìfíì."

"Àwo yìí ni mo fẹ́ lò."

"Orin kan náà ni, Bàbá."

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ: pé kì í ṣe orin náà lòun ń wá, ibi tó ti bàjẹ́ lòun ń wá. Ó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù ti bẹ̀rẹ̀.

Ohùn náà mọ́ lóòótọ́. Gìtá onígi ń gba àbàrá. Òkú dìde, ó ṣa egungun rẹ̀ jọ. Ẹnu-Ìṣó kò wo fóònù, ẹnu ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Òkú yọjú lójú fèrèsé. Òkú kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà bèèrè látinú ilé.

Ìyàwó Ẹnu-Ìṣó fa èémí sínú. Àyà rẹ̀ gbé aṣọ ìbora sókè. Ètè rẹ̀ là lápá òsì, ahọ́n gbéra nílẹ̀.

Òkú inú fóònù fèsì. Ó sọ ọ́ ketekete, kò sí kẹrẹ kankan níbẹ̀. Àwọn onígìtá bú sẹ́rìn-ín.

Ètè náà dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó pa dé.

"Ó ya ẹnu," Ẹnu-Ìṣó ní.

Ọmọ rẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. "Nígbà wo?"

"Nísinsìnyí. Ó fẹ́ fèsì. Fóònù yẹn ló gbà á mọ́ ọn lẹ́nu."

"Wọ́n ń yán ni, Bàbá. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń yán. Gbogbo aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló máa ń yán."

Ẹnu-Ìṣó wo ìyàwó rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó yán ni.

"Kí ló wí?"

"Ta ni?"

"Òkú yẹn. Ìwọ gbọ́ èdè wọn."

"Ó ní, 'Èmi ni. Ṣílẹ̀kùn.'"

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, Bàbá."

Ó mi orí. Ìyẹn ni gbogbo àwọn onígìtá yẹn ń rín láti ọjọ́ yìí.

Ó fá rọ́bà títí àwo fi rìn bó ṣe yẹ kó rìn. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Orin dé ẹnu ọ̀nà. Kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ. Àyè ṣí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bọ́ síbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbé abẹ́rẹ́ padà, ó tún gbé e padà. Ọmọ rẹ̀ jáde lọ dúró níta, ó fi ọwọ́ bojú. Ìyàwó rẹ̀ ń wo àjà.

Ó rò ó pé bóun bá bá ìyàwó òun bẹ̀rẹ̀ èsì náà, bóyá yóò rántí. Kò sí ìṣó lẹ́nu òun. Nígbà tí orin tún kan ilẹ̀kùn, ó ya ẹnu. Ohun tó bá níbẹ̀ ni "Òjò ti dá." Ó pa ẹnu dé.

Nígbà tó yíjú padà, ìyàwó rẹ̀ ti sùn.

Láàárọ̀, ó gé fóòmù kan tó bá gígùn ara ìyàwó rẹ̀ mu, ó gbẹ́ ibi ejìká àti ibi ìdí kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bó sí i. Òun àti ẹni tó ń lẹ táyà ló gbé obìnrin náà wọnú mọ́tò. Fóòmù náà gbà á dáadáa. Ẹnu-Ìṣó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú lójú fèrèsé mọ́tò. Obìnrin náà ń wo òrùlé mọ́tò. Ẹnu-Ìṣó fẹ́ sọ nǹkan. Onímọ́tò ti ń wo aago, ọmọ rẹ̀ sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun." Ó ṣì ń wá ọ̀rọ̀ nígbà tí mọ́tò yà níkòríta.

Ní ọ̀sán, ó mú aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú rírán náà ń bọ̀ tààrà, lẹ́yìn náà ó ṣẹ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró. Kò tú u. Ó ṣẹ́ ẹ sínú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i, ó fà á le mọ́ igi àga. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Ó kó ìṣó sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án.

Òkú dìde. Òkú kan ilẹ̀kùn. Kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lòkú wí lónìí?"

Ẹni tó ń lẹ táyà ni. Kò rò ó kó tó kígbe. Ó dúró láàárín táyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹnu.

Ẹnu-Ìṣó fi òòlù sílẹ̀. Ó tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rìn lọ sójú fèrèsé. Ọkùnrin náà kò lọ. Ó ń dúró dè é.

"Kò wí nǹkan kan," ó ní.

Ó kó ìṣó padà sẹ́nu.