Ewé Mẹ́ta Ìdílé Wybenga

Ẹ fa àga yín sún mọ́bí. Ẹni tó ń mu kọfí kó gbé ife kalẹ̀, ẹni tó fẹ́ húkọ́ kó tètè hú u tán, torí mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Itọ́ ni Hiske fi ń nu àwòrán. Ẹ má fajú ro. Bí àwọn tó ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe nílùú Franeker ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á wé òwú mọ́ orí igi tín-ín-rín, wọ́n á fi sẹ́nu, wọ́n á wá rọra máa nù ún. Ọ̀dà tó ti tó irinwó ọdún kì í bá itọ́ lọ. Ìdọ̀tí nìkan ló ń bá a lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló wà nínú àwòrán náà. Èdè Hébérù ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílùú yẹn láyé ọjọ́un, kọ́là ọrùn ẹ̀ fẹ̀ bí abọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀ ni ewé mẹ́ta wà, àmì ìdílé Wybenga. Baukje Wybenga ló yọ́ gbé e wá. Ó parọ́ fún bàbá ẹ̀ pé ìṣó tó gbé e rọ̀ ti dípẹtà. Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá á pé ọgọ́rin ọdún, ẹbí á jókòó yíká, wọ́n á fún un ní baba ńlá wọn padà, á máa dán.

Hiske nu ewé kìíní, ewé bá òwú lọ. Ó nu ìkejì kó lè dá a lójú. Ẹja kan ń wò ó látabẹ́ ọ̀dà. Ó pe Baukje.

Baukje gun kẹ̀kẹ́ dé, ó wo ẹja, ó jókòó. Ó ní itọ́ Hiske ni ò dáa, kí ló jẹ láàárọ̀? Hiske fún un ní kọfí àti bisikíìtì kan, ó sì dé agolo bisikíìtì padà. Ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé àmì ìdílé mìíràn ni ẹja, ẹnì kan ló kun ewé lé e lórí, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

"Kùn ún padà," Baukje ní. "Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀."

"Mi ò lè ṣe é, mà. Ẹja yẹn ló ni àwòrán."

"Láti kékeré mi ni bàbá ti ń sọ pé baba ńlá wa nìyẹn. Ṣé lọ́jọ́ọ̀bí ẹ̀ ló máa wá di ẹni tí ò ní baba ńlá?"

"Tí mo bá kun irọ́ lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún máa gbé àwòrán fún mi?"

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí bàbá fi wọlé. Ó ti yẹ ìṣó wò, ó le koko; ó wá rí kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀ níta. Baukje fẹ́ fi ara bo àwòrán, ó ti pẹ́ jù. Bàbá wọ awò ojú ẹ̀, ó wo ẹja títí.

"Bàbá, ẹ má bínú," Hiske ní. "Èmi ni mo nu ewé yín kúrò, mi ò sì ní kùn ún padà."

"Má wulẹ̀ kùn ún," ni bàbá dáhùn, "èmi ni mo kun ewé yẹn, lọ́dún tí ìyá Baukje gbé àwòrán baba ńlá tiẹ̀ wọ ilé mi."