Ẹsẹ̀ Tó Kán, Tí Ìyálé Mi Ń Jowú

Mo ti rí obìnrin tó ń jowú aṣọ, mo ti rí èyí tó ń jowú ọmọ. Àyọ̀kẹ́ ìyálé mi nìkan ni mo rí tó jowú ẹsẹ̀ tó kán.

Ọdún tí yunifásítì wa n'Ífẹ̀ gba orúkọ tuntun ni. Mo lọ ra ẹ̀wà ní Sábó, ni agbégilódò kan bá ń fẹ̀yìn rìn, ó gbá mi sínú gọ́tà. Lágúnjú ọkọ wa gbé mi lọ sọ́dọ̀ baba tó ń to eegun n'Ílódè. Baba fi ọparun di ẹsẹ̀ mi.

Láti ìgbà náà, ọkọ wa ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Òun ló ń bu omi ìwẹ̀ fún mi, òun ló ń gbé mi lọ sẹ́yìnkùlé. Bó bá pa ẹran bọ̀ láti oko, tèmi ni itan.

"Èmi tí mo lẹ́sẹ̀ méjì," Àyọ̀kẹ́ ń kùn nídìí ààrò, "ọrùn ẹran ni wọ́n ń sọ sí mi bí ajá!"

Nígbà tó yá, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì tó dúró fún ọkọ̀ náà máa san owó gbà-má-bínú fún mi, bó bá ti dá wọn lójú pé ẹsẹ̀ náà kán. Ojú Àyọ̀kẹ́ ṣú bí òjò.

Ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀, aṣojú wọn, ti Ìbàdàn dé, baba ti tú ọparun. Ẹsẹ̀ ò wú mọ́.

"Ìwé ọsibítù dà?" ló bi ọkọ wa.

"Baba tó to eegun ò mọ̀wé kọ."

"Ẹ má bínú, bàbá. Èmi ò rí ẹsẹ̀ tó kán níbí o."

Ó ti ń di báàgì ẹ̀ nígbà tí Àyọ̀kẹ́ gbé orin láti ìdí ààrò:

*Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi gbọkọ lọ,*
*Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń fọ abọ́.*
*Bó bá ku òun nìkan, a jó bí òkòtó,*
*Bálejò dé, a di arọ!*

Ẹ gbà mí! Nílé wa n'Ìrẹmọ, obìnrin kì í jókòó dáhùn orin orogún. Bó o bá jókòó, o ti gbà pé òótọ́ ni. Mo gbàgbé ẹsẹ̀, mo gbàgbé àlejò. Mo dìde fùú, mo gbá ìró mọ́dìí:

*Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ ò rẹ́ni gbé yín,*
*Ẹ lọ bọ́ síwájú ọkọ̀, kẹ́ ẹ…*

Ibẹ̀ ni eegun ti dún pà! Mo ṣubú lulẹ̀ gbì, igbe mi gba gbogbo agboolé. Kọ́lápọ̀ fúnra ẹ̀ ló di ojúgun mi mú. Eegun yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, òógùn bò ó.

Àyọ̀kẹ́ ti sáré dé, ó káwọ́ lérí. "Mo gbé! Orin lásán ni, àbúrò mi! Eré ni mo ń ṣe!"

"Ẹ má sunkún mọ́, màmá," ni Kọ́lápọ̀ wí fún un. "Mo ti rí ohun tí mo wá wò."

Ó fi ọkọ̀ ẹ̀ gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò eegun náà, ilé-iṣẹ́ sì sanwó.

Owó dé, Àyọ̀kẹ́ wá jókòó tì mí. "Ìyàwó, ká ní mi ò kọrin, ṣé wọ́n á san án? Ìpín tèmi dà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Mo ra àǹkárá kan náà fún àwa méjèèjì. Ó gba tiẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé tèmi lórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó bóyá tèmi fi ìka kan gùn ju tòun lọ.