Ọ̀sán Tí Àǹtí Ìyùnadé Wá Gbẹ́ Pẹ́ńsù

Koríko ti hù nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Òun ni mo kọ́kọ́ rí. Ó hù láti inú sìmẹ́ńtì, ó ga dé orúnkún mi, ó tutù bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí a fi ń gé irin dúró sáàárín rẹ̀ bíi màlúù tó ti jẹun yó, wọn ò dún, wọn ò mì. Kò sí òrùlé, síbẹ̀ mi ò rí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣáà wà tí mi ò mọ ibi tó ti ń wá, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí epo tuntun. Mo mọ̀ pé wọ́kíṣọ́ọ̀bù ẹ̀ka wa ní yunifásítì ni, mo sì tún mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìkìrun ni. Ibi méjèèjì ni. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu.

Ẹnì kan jókòó sórí koríko lẹ́bàá pátákó ìyàwòrán mi. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí itan, ó ń fi bíléèdì gbẹ́ pẹ́ńsù.

Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ta ni ìbá tún jẹ́? Àǹtí Ìyùnadé ò gba ṣápúnà gbọ́ nígbà ayé rẹ̀, ó ní ó máa ń ṣẹ́ pẹ́ńsù lẹ́nu. Bíléèdì ló fi ń gbẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀, tí èèpo rẹ̀ á máa ká bọ́ sílẹ̀ bí irun ọmọ tuntun. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti ń gbẹ́ ẹ fún mi.

Àkọ́bí ìyá mi ni, èmi sì ni àbíkẹ́yìn. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olùkọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ níbi tí èmi náà ti ń kàwé báyìí. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ló mú un lọ lọ́dún tó kọjá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lójú àlá náà, mo mọ̀ pé ó ti kú. Ẹ̀rù ò bà mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí àga tí mo lè fún un.

"Ẹ káàsán, Àǹtí mi."

"Àwẹ̀ró." Oríkì mi ló pè mí. Kò gbójú sókè. "Jókòó. Koríko ò ní jẹ ọ́."

Mo jókòó. Ofaróòlù búlúù rẹ̀ ló wọ̀, èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, tó máa ń ká apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, torí ìwọ̀n ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń rà fún ẹ̀ka náà. Ó na ẹnu pẹ́ńsù sí àwòrán tó wà lórí pátákó.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń bó ẹ̀gẹ́." Ojú mi là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ júwe fún un. "Àgbá irin ló ń yí yìí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Eyín wà nínú rẹ̀ tó ń họ èèpo kúrò. Mo fi rọ́bà sẹ́yìn eyín yẹn kó lè máa tẹ̀ sẹ́yìn, kó má baà jẹ ẹran ara ẹ̀gẹ́."

"Ó dáa." Ó gbẹ́ pẹ́ńsù lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ta ni yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àlejò lọ́la?"

Mo fa koríko kan tu.

Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ nìyí. A pọ̀ díẹ̀ tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá náà, èmi nìkan sì ni obìnrin. Èmi ni mo mú èrò rẹ̀ wá, torí ibi tí Màmá ti ń yan gàrí ni mo dàgbà sí. Mo mọ àwọn obìnrin tó ń fi ọ̀bẹ bó ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀, tí àtàǹpàkò wọn kì í sàn kí wọ́n tó tún gé e. Èmi ni mo ya ẹ̀rọ náà, èmi ni mo ṣírò rẹ̀. Kọ́láwọlé ló jó èyí tó pọ̀ jù nínú irin rẹ̀ pọ̀, ó mọ̀ ọ́n jó ju gbogbo wa lọ, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni Dókítà Ajíbóyè, olùkọ́ tó ń bójú tó wa, pè wá jọ. Àwọn oníléeṣẹ́ kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti wá wo ẹ̀rọ náà, bóyá wọ́n á fẹ́ máa ṣe é tà.

"Kọ́láwọlé ló máa ṣàlàyé," ó wí. "Mosúnmọ́lá, ìwọ lo máa gba àwọn àlejò. Wàá bá wa gbé nǹkan mímu fún wọn, wàá sì jẹ́ kí ara tù wọ́n. Má bínú o. O mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹnu ọkùnrin ni irú àwọn èèyàn yìí ti ń gbà á gbọ́. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló dúró ti Màmá níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi tí omi ń dà lójú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo nìyẹn. Jìmọ́, ọ̀kan nínú wa, rẹ́rìn-ín: "Mosún, ìwọ ṣáà ti fi eyín funfun kí wọn, a ti ta ọjà nìyẹn." Kọ́láwọlé ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tí mo délé, Màmá ní, "Gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìwé lo lọ kà, ìjà kọ́ lo lọ jà." Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni mo sùn, tí mo bá ara mi nínú koríko yẹn.

Àǹtí Ìyùnadé ò tún ìbéèrè rẹ̀ bi. Ó yí pẹ́ńsù lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo eyín ọmọdé.

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ìpàdé àwọn olùkọ́," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ọ̀gá kan na ìgò omi sí mi. Ó ní, 'Ìyùnadé, bá wa bu omi yìí yí ká.'"

"Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí."

"Ojú tì mí ni."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo bu ti ara mi. Mo mu ún. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ tí kì í dún, èjìká nìkan ló máa ń gbọ̀n. "Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, Àwẹ̀ró. Ta ló rí i? Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n gbọ́."

"Ṣé wọn ò bínú?"

"Wọ́n bínú. Inú àwọn kan rọ̀ nígbà tó yá. Ti àwọn mìíràn ò rọ̀ títí mo fi kú." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé títí òun fi kó lọ sí àdúgbò mìíràn. "Iṣẹ́ mi ṣáà di ṣíṣe."

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu pẹ́ńsù náà, ó fi kan àtàǹpàkò rẹ̀ wò, ó wá fi lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Mi ò lè bá ọ sọ ọ́," ó wí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo fẹ́ bi í bóyá òtútù wà níbi tó wà, bóyá ó ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó ti dìde. Ó gbọn èèpo pẹ́ńsù kúrò lórí ìwé ìròyìn. Wọn ò bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fò lọ sókè, sínú ìmọ́lẹ̀ pípọ́n yẹn, mo sì gbójú sókè tẹ̀lé wọn. Nígbà tí mo máa fi wolẹ̀, mo ti jí.

Wọ́n ti mú iná lọ, fáànù ti dúró, òógùn ti mú ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Lóde, ẹnì kan ń fọ kòkò. Mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò pé màá sunkún. Ẹkún ò wá. Ohun tó wá dà bí ebi, irú ebi tó ń lé èèyàn dìde lórí ẹní. Dókítà ti sọ̀rọ̀. Jìmọ́ ti sọ̀rọ̀. Màmá pàápàá ti sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ tèmi.

Mo pe Kọ́láwọlé lórí fóònù.

"Kọ́lá, èmi ni mo máa ṣàlàyé ẹ̀rọ náà lọ́la."

Ó wá mí kanlẹ̀. "Mosún, mi ò rí oorun sùn látàná. Mò ń há ìṣirò eyín inú àgbá yẹn sórí, kò wọ̀ mí lórí."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Wọ́n ní ọkùnrin ni mí. Báwo ni mo ṣe máa sọ pé ẹ̀rù ń bà mí?"

Mo wá pe Dókítà Ajíbóyè. Mo kí i, mo bi í nípa ilé, mo wá sọ ohun tí mo fẹ́.

"Mosúnmọ́lá," ó wí, kò pariwo, "ṣebí a ti sọ̀rọ̀ lórí èyí."

"Ẹ̀yin ti sọ̀rọ̀, sà. Èmi ò tíì sọ."

Mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé rẹ̀, mo sì gbọ́ ìgbà tí ó dín in kù. "Ó dáa. Sọ ọ́. Mò ń gbọ́."

Mo dìde dúró lórí ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àtàǹpàkò àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ Màmá, mo sọ ọ́ dé orí rọ́bà tó wà lẹ́yìn eyín irin. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó húkọ́ díẹ̀.

"Bí o ṣe sọ ọ́ yìí ni kí o sọ ọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá rà á ńkọ́?"

"Tí wọn ò bá rà á, sà, á jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọn ò fẹ́, kì í ṣe ẹnu mi."

Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣàlàyé ẹ̀rọ náà níwájú gbogbo wọn. Nígbà tí mo ṣe tán, ọ̀gá àwọn àlejò náà, bàbá kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, mi orí dáadáa, ó sì kọjú sí Kọ́láwọlé.

"Ẹnjiníà, tí ẹ̀gẹ́ náà bá wá wọ́ ńkọ́?"

Kọ́láwọlé kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹni tó ṣe é ló wà níwájú yín yẹn, sà."

Bàbá náà yíjú padà. Mo wo inú apẹ̀rẹ̀, mo ṣa èyí tó wọ́ jù nínú ẹ̀gẹ́ tí a kó wá, ó ká kò bí ìwọ̀. Mo jù ú sínú àgbá, mo tan ẹ̀rọ. Gbogbo wa dúró títí tó fi yí tán. Ó jáde ní funfun báláú, ó ṣì wọ́ bó ṣe wọ́, èèpo kan ò sí lára rẹ̀.

Bàbá náà mú un, ó yí i lọ́wọ́, ó tún yí i. Ó ní ìbéèrè mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ló kọjú sí.