Orúnkún Mi Lọ Jẹ́rìí

Kirin-kirin! Kirin-kirin! Aago kẹ̀kẹ́ wolé-wolé nìyẹn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkìrun. Bí ìyá mi bá ti gbọ́ ọ, á sáré gbé àmù omi tí tanwíjí ń jó nínú rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi àti Àwẹ̀ró àbúrò mi á dúró bo ilẹ̀kùn náà. Ìyá wa á wá rẹ́rìn-ín: "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ilé wa mọ́ tónítóní!"

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti wà lókè òkun. Aago yẹn ni mo tún gbọ́ lójú oorun ọ̀sán àná, tí àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí fi bẹ̀rẹ̀.

Wolé-wolé gun kẹ̀kẹ́ wọ pálọ̀ mi. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, Nọ́ọ̀sì Bẹ́tì ni, òyìnbó tó ń wá tọ́jú mi nílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Yorùbá ló ń sọ, ti Ìkìrun pọ́ńbélé. Kò yà mí lẹ́nu.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá Látúnjí. Fọ́ọ̀mù rèé. Ìbéèrè kan náà là ń bi gbogbo aláìsàn. Ṣé ẹ lè dá wẹ̀?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn?"

"Ara le, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ ṣubú lóṣù yìí?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìṣubú."

Ó kọ òdo, òdo, òdo. "Òdo dára. Ó fi hàn pé nǹkan kan ò ṣe yín. Bí ọ́fíìsì bá ti rí òdo mẹ́ta, n ò ní wá mọ́ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ mo ti ṣubú nílé ìwẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Àárọ̀ ni mo ṣubú, ọ̀sán ni mo tó rí ẹsẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n ta ní í sọ irú ìyẹn fún àlejò? Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ni orúnkún mi ọ̀tún bá wúkọ́. "Bàbá, irọ́ lẹ ń pa."

"Panu mọ́! O ò rí i pé àlejò wà níbí?"

"Ó dáa. Ó di ọ́fíìsì."

Ó já ara rẹ̀ gbà, ó wọ bàtà kan, ó jáde. Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè òrùlé mi bí igbá lórí omi. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan tí mo bá tẹ̀ á ní, "Ẹ rọra o, Bàbá, èmi náà ti dàgbà."

Ọ̀gá Àgbà jókòó sínú ibẹ̀, ó so táì. Bó ṣe gbé gègé láti fọwọ́ sí òdo mi, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Akọ̀wé rẹ̀ gbé èèpo iṣu síwájú rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ẹlẹ́rìí dà?"

"Èmi rèé," ni orúnkún mi wí. "Ẹ wo bí mo ṣe wú."

"O wú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọ́ ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fọ́ọ̀mù mi láti igun. "Bàbá, ẹ yára. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, òdo lẹ máa jẹ́ títí láé."

Ìyá mi yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbé àmù náà kalẹ̀ síwájú mi.

"Látúnjí, sọ̀rọ̀. Tanwíjí tí mo gbé pamọ́ yẹn, ṣebí àwa náà ló padà wá jẹ?"

Mo la ẹnu. Kirin-kirin!

Aago ẹnu ọ̀nà ni. Mo jí. Fọ́ọ̀mù tí Nọ́ọ̀sì Bẹ́tì fi sílẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, òdo ni mo kọ sí gbogbo rẹ̀. Itọ́ mi ti rin igun rẹ̀ gbindin bí ẹni pé ẹran jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bi mí lédè tirẹ̀ bí ara ṣe rí.

"A dú..." Mo gbé e mì. "Mo ṣubú," ni mo wí.

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó jókòó tì mí, ó mú fọ́ọ̀mù tuntun.

Nígbà tó lọ tán, mo mú fóònù. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni Àwẹ̀ró máa ń pè mí láti Ìkìrun, gbogbo ọjọ́ Sunday ni mo sì ń fún un ní òdo. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i rèé:

"Àwẹ̀ró, mo ṣubú nílé ìwẹ̀ lóṣù yìí. Orúnkún ọ̀tún ni. Ẹ̀rù bà mí. Nọ́ọ̀sì á máa wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ báyìí. Ìwọ ńkọ́, ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí? Má kàn sọ pé o dúpẹ́ o."