Ọjọ́ Tí A Mú Màmá Lọ Wo Òkun

Àwọn ọmọ bíbí Màmá ló pinnu pé ojú ìrìn àjò la ti máa sọ fún wọn. Èmi ò sí níbẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí. Inú ilé ìdáná ni mo wà nígbà tí ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ ní pálọ̀, tí ohùn wọn wálẹ̀ bíi ti àwọn tó jí nǹkan tí wọ́n fẹ́ pín in. Nígbà tí wọ́n máa fi pè mí, wọ́n ti gba ọkọ̀, wọ́n ti mú ọjọ́. Iṣẹ́ tó kù fún mi ni kí n bá Màmá wá aṣọ tí kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn wọ wọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ náà ò gùn. Kékeré, àbígbẹ̀yìn Màmá, ti kú. Ó ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Inú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń kó ẹrù ló ń ṣiṣẹ́. Ó já sínú ihò tí wọ́n ń kó ẹrù sí, kò sì dìde mọ́. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá fún wa, a sin ín. Gbogbo ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Màmá wà. Ọkàn wọn ló ń ṣe wọ́n, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ìròyìn burúkú wọlé tọ̀ wọ́n. A panu mọ́. Ara Màmá yá, wọ́n padà sílé, ẹnu wa ò là.

Bó bá jẹ́ pé a kàn panu mọ́ ni, ì bá tún sàn. Kékeré máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù láràárọ̀, torí ó ní lójú òkun, ìpè kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mo máa ń kà á fún wọn, èmi náà ni mo máa ń tẹ èsì. Ní ọjọ́ díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi wọlé, a ní nẹ́tíwọ́kì òkun ni. Nígbà tí fóònù Kékeré dé pẹ̀lú òkú rẹ̀, ọkọ mi mú un, ó ṣáàjì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ lórúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú.

Tíṣà ni gbogbo ilé ń pe ọkọ mi, ìyá tó bí i náà ń pè é bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá wọ yàrá Màmá láàárọ̀, á kí wọn, á wo ojú fèrèsé, á jáde. Ṣùgbọ́n bí fóònù yẹn bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀dá mìíràn ni. Á máa pe Màmá ní ọmọge. Á máa fi kúùkù tó ń dáná nínú ọkọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní àwọn ẹja ń béèrè wọn. Èmi á wá jókòó síwájú Màmá, màá máa ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn ayọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Inú bí mi. Mo sọ fún Tíṣà pé ohun tó ń ṣe yìí kò dáa. Ó ní, “Tí fóònù yìí bá dákẹ́ lọ́la, kí lo máa sọ fún wọn?” Lọ́jọ́ kejì, mo tún kà á.

Ohun tó lé wa síta ni pé àbúrò Màmá ọkùnrin ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè lópin ọ̀sẹ̀ náà, ẹnu tiẹ̀ ò sì ní ìdérí. Ẹkún ni yóò fi wọlé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àbúrò ọkọ mi, ló wá dá a lábàá pé ká háyà ọkọ̀ tí àwa nìkan máa wọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń mú èèyàn wo ààfin àtijọ́ àti etí òkun láàárín ọjọ́ kan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Màmá ti ń sọ pé àwọn fẹ́ rí omi tí ọmọ àwọn ń gbé lórí rẹ̀. Ó ní inú wọn á dùn, ara wọn á balẹ̀, a ó wá fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́. Ó kó oògùn ọkàn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò sínú báàgì rẹ̀. Ẹ má pè mí ní aláfojúdi pé mò ń pè é ní “ó” o. Ojú rẹ̀ ni mo ti ń sọ “ẹ”. Èmi ni mo jù ú lọ́jọ́ orí.

Ẹni tó wa ọkọ̀ náà ló tún ń ṣàlàyé ibi tí a bá dé. Onírùngbọ̀n ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kí a tó jáde ní àdúgbò wa, Màmá ti sọ ọ́ ní Alálàyé. Ó gbé wọn jókòó síwájú, ó ní ibẹ̀ ni ayaba ń jókòó, Màmá sì tún gèlè wọn ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún Alálàyé pé ẹnì kan kú nínú wa. Tíṣà ní kò kàn án.

Ààfin àkọ́kọ́ ni Tíṣà ti fẹ́ sọ ọ́. A gba àgbàlá kan wọlé, a dé yàrá tí ọba àtijọ́ ń sùn sí. Okùn pupa ni wọ́n ta yí bẹ́ẹ̀dì náà ká. Màmá fi ojú wọ̀n ọ́n lọ, wọ́n wọ̀n ọ́n bọ̀.

“Alálàyé, ọmọdé ni ọba yìí ni?”

“Rárá o, Màmá. Géńdé ọkùnrin ni, akọni lójú ogun.”

“Báwo ló ṣe ń sùn sórí èyí? Ṣé ó ń ká bí ológbò ni?”

Alálàyé ní àwọn èèyàn ìgbà náà ń fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn sókè, wọ́n ń jókòó sùn, torí pé òkú ló ń nà gbalaja. Ojú mi àti ti Tíṣà ṣe mẹ́rin. Màmá ti ń na fóònù wọn sí mi. “Ìyàwó mi, bá mi kọ̀wé sí Kékeré. Sọ fún un pé mo rí bẹ́ẹ̀dì ọba, ó kúrú ju tiẹ̀ lọ.”

Mo kọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Tíṣà sá sẹ́yìn òpó kan. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: “Ọmọge, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín joyè o, ẹ ò ní rí ibi na ẹsẹ̀.” Màmá rẹ́rìn-ín débi tí àwọn àlejò mìíràn fi yíjú wò wọ́n.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá sí kọ̀rọ̀. “Bọ̀dá, torí ká lè parí irọ́ yìí la ṣe wá síbí, ẹ sì tún ń fún un lóúnjẹ!”

“Wọ́n ti kọ̀wé. Ṣé kí n má fèsì ni?”

“Ẹ lọ sọ ọ́ nísinsìnyí.”

“Níbi bẹ́ẹ̀dì? Níwájú èrò? Jẹ́ ká dé ààfin kejì. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.”

Bó ṣe di ẹrù Àǹtí Nọ́ọ̀sì nìyẹn. Nínú ọgbà ààfin kejì, ó mú Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò àtọwọ́dá tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Ó so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò, bíi pé nọ́ńbà inú ẹ̀rọ náà ló máa bá a sọ ọ́. Ó wá di wọ́n lọ́wọ́ mú.

“Màmá, nǹkan kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ.”

“Ẹ fẹ́ gbé mi lọ sílé àwọn arúgbó.”

“Ká má rí i!”

“Kí ló dé tí ojú gbogbo yín wá rí báyìí látàárọ̀? Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ mú mi jáde, ó dà bíi pé èmi ni mo mú yín.” Wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. “Ohunkóhun tó bá jẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí òkun.”

Omi lé ròrò lójú Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó ní kòkòrò ló kó wọ òun lójú. Èmi tí mo dúró tì wọ́n, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n èmi wo ni? Èmi tí mo wọlé wá bá wọn ni màá sọ fún ìyá pé ọmọ wọn kú, níwájú ọmọ méjì tí wọ́n bí? Mo gbé e mì.

Ọ̀nà etí òkun yẹn lẹ́wà, mi ò lè purọ́. Òkè wà lápá kan, omi wà lápá kejì, ó lọ títí kò sí òpin. Alálàyé dúró níbi gegele kan tí wọ́n fi irin ṣe ọgbà yí ká. Ìgbì ń lu òkúta nísàlẹ̀. Màmá di irin mú, wọ́n tẹjú mọ́ ibi tí omi ti pàdé òfúrufú.

“Ó fẹ̀ jù,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. “Ó fẹ̀ jù fún ọmọ kan ṣoṣo.”

Alálàyé rò pé ó yẹ kí òun tù wọ́n nínú. “Màmá, àbí ẹ ní ẹni tó wà lójú omi ni? Nẹ́tíwọ́kì ibí yìí ò lẹ́gbẹ́ o. Àwọn ìyàwó atukọ̀ máa ń wá dúró síbí pe ọkọ wọn.”

“Òótọ́?” Màmá na fóònù sí i lójú ẹsẹ̀. “Bá mi pe ọmọ mi. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Ìyàwó mi ń gbìyànjú, kì í lọ.”

Irọ́ tí mo ti pa fún wọn ni, mi ò gbìyànjú rí. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká—” ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí ni Alálàyé, ó ti tẹ̀ ẹ́.

Tíṣà kì í pa ohùn fóònù Kékeré láé. Ẹ̀rù ń bà á pé ọ̀rọ̀ Màmá á wọlé kí òun má gbọ́, èsì á sì pẹ́. Ohun tí kò mọ̀, tí ẹnì kankan nínú wa ò mọ̀, torí Màmá ò pe fóònù náà rí látìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ wa, ni pé Kékeré ti ká ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa dún tí wọ́n bá pè é. Ohùn Màmá fúnra wọn ló pariwo jáde nínú àpò ṣòkòtò ọkọ mi: “Kékeré o! Oorun burúkú wo lò ń sùn? Dìde! Kékeré o!”

“Ó ti ń dún, Màmá!” ni Alálàyé wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Tíṣà ń ti ọwọ́ bọ àpò, ọwọ́ rẹ̀ há, ohùn náà ń ké síbẹ̀. Nígbà tó máa fi rí i fà yọ, Màmá ti kọjú sí i.

“Gbé e,” ni wọ́n wí.

Kò lè gbé e. Ó kàn dì í mú, fóònù sì ń pe Kékeré kó dìde.

“Màmá,” ó bẹ̀rẹ̀, “Kékeré… Kékeré…” Ó dúró síbẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti ń tú báàgì rẹ̀ wá oògùn, gbogbo nǹkan ń já bọ́ sílẹ̀. Mo wo àwọn méjèèjì, inú bí mi débi tí ìtìjú fi kúrò lójú mi.

“Màmá, Kékeré ti kú,” ni mo wí. “Ó kú nígbà tí ẹ wà ní ọsibítù. Inú ọkọ̀ ló já sí.”

Wọn ò ṣubú, wọn ò pariwo. Wọ́n ti oògùn Àǹtí Nọ́ọ̀sì sẹ́yìn. “Ọjọ́ wo lẹ sin ín?”

“Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá yín sílẹ̀,” ni Tíṣà wí.

Màmá ronú. “Ọjọ́ yẹn ló sọ fún mi pé kúùkù àwọn fi ṣúgà se ọbẹ̀ dípò iyọ̀. Ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi ni.”

“Níbo lo wà tí o fi kọ ọ́?”

Tíṣà wolẹ̀. “Níbi ìsìnkú. Ẹ ti ń béèrè rẹ̀ látàárọ̀.”

Màmá yíjú sí mi. “Ìwọ lo kà á.” Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. “Mo rẹ́rìn-ín. O rí mi bí mo ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo sọ fún un, òun náà bá mi rẹ́rìn-ín.” Ohùn wọn ò gòkè. “Wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bo ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín.”

Alálàyé bọ́ fìlà rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, wọ́n kọ ìjókòó iwájú, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì wọ́n.

Àbúrò wọn dé lópin ọ̀sẹ̀, ó sunkún bí a ṣe rò. Màmá ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọkàn tí à ń bẹ̀rù pé ó máa dúró kò dúró o. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń dáhùn tí a bá kí wọn. Kò ju ìyẹn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù wọn dún. Mo gbé e. Ọ̀rọ̀ ló wọlé, fóònù Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ti wá: “Ọmọge, ẹ káàárọ̀. Tíṣà ni o. Òjò máa lé àwọn ọmọ ilé ìwé mi wọ kíláàsì lónìí, èmi nìkan ló máa kù síta.” Mi ò mọ̀ ọ́n ní aláwàdà lórúkọ ara rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

“Ta ni?” ni Màmá béèrè.

“Tíṣà ni, Màmá. Ṣé kí n kà á?”

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ni?”

Ọkọ mi kò tíì lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló wà, ó mú fóònù lọ́wọ́.

“Màmá, èmi ni,” ó wí.

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní kí n bá àwọn pa fóònù àwọn.